Èbúté tí ọkọ̀ afẹ́ kì í yà sí: kí ló kù kí omi Ìlàjẹ tó gbàlejò?

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ èbúté olómi jíjìn Oǹdó bá tún jáde ní Alágbàká, ibùjókòó ìjọba ní Àkúrẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi mú ọ̀rọ̀ afẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n á ní ẹrù á máa wọlé, epo á máa jáde, àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì náà á sì máa yà sí Ìlàjẹ, apá ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà létí òkun. Ìjọba Akeredolu lé èbúté yìí títí, Aiyedatiwa, tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ fúnra rẹ̀, sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ẹrù àti ti epo, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ìṣirò wọn. Ti ọkọ̀ afẹ́ ni mo fẹ́ tú wò, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlá ọ̀sán gangan mọ́. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ ń fi ojú méjèèjì wá ibi tuntun tí wọ́n lè yà sí, Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà lára ibi tí wọ́n ń yọjú wò.

Ọkọ̀ afẹ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ torí pé ó fẹ́ dé ibì kan. Inú ọkọ̀ gan-an ni fàájì wà: yàrá, ilé oúnjẹ, ibi ìlúwẹ̀ẹ́, tíátà, ṣọ́ọ̀bù. Ó ń rìn lóru, ó ń gúnlẹ̀ láàárọ̀, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀ wòlú, wọ́n á padà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ á tún gbéra. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, gùn tó mítà 365, ó sì lè kó èrò bíi 7,600 láì tíì ka àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Ẹ má fi wé ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa wọ̀ lọ kàwé. Aureol ti iléeṣẹ́ Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní 1951, bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò lójú omi, ó sì máa ń yà ní Freetown. Ọ̀pọ̀ lọ́yà àti dókítà ilẹ̀ Yorùbá ayé ìgbà yẹn ló mọ bí èébì inú ọkọ̀ yẹn ṣe rí. Àmọ́ ọkọ̀ àtidé ibi tí à ń lọ ni. Nígbà tí bàálù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa ìrìnàjò yẹn tì ní 1974.

Àwọn ọkọ̀ ti òde òní ń pọ̀ sí i ni. CLIA, àjọ tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ dá sílẹ̀, ní èèyàn mílíọ̀nù 34.6 ló wọ ọkọ̀ wọn ní 2024. Àwọn ìlú tí gbogbo ayé ti mọ̀ tipẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ti ń sú onílé. Venice lé àwọn ọkọ̀ ńlá kúrò ní ojú omi tó gba àárín ìlú kọjá ní oṣù kẹjọ 2021. Erékùṣù Santorini ní Gíríìsì fi gbèdéke sí i láti 2025: èrò ọkọ̀ 8,000 lóòjọ́, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Juneau ní Alaska kò gbà ju ọkọ̀ ńlá márùn-ún lọ lóòjọ́ láti 2024. Barcelona ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun á dín ibùdó ọkọ̀ afẹ́ òun kù láti 7 sí 5 kí 2030 tó dé. Ẹ̀bi wo la fẹ́ dá wọn? Kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ya wọ àdúgbò yín láago mẹ́jọ àárọ̀, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n ra omi kan péré, kí wọ́n padà lọ jẹun nínú ọkọ̀ wọn, ta ni inú rẹ̀ á dùn?

Ọ̀rọ̀ Òkun Pupa tún wá dá kún un. Láti ìparí 2023 tí àwọn Houthi ní Yemen ti ń kọlu ọkọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ afẹ́ tó yẹ kó gba Suez ló yí po gúúsù Áfíríkà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn ní láti yà níbì kan ra epo àti oúnjẹ, kí ẹsẹ̀ èrò sì kan ilẹ̀: Mindelo ní Cape Verde, Dakar, Walvis Bay ní Nàmíbíà, Cape Town. Kó tó di ìgbà yẹn náà, àwọn ọkọ̀ kan wà tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ń bọ̀ ní Yúróòpù tí wọ́n sì ń kó ọkọ̀ lọ sí gúúsù lọ́wọ́ oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, àti nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà lọ́wọ́ oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ ń kọjá. Ìdúró ló kù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ẹwà ìlú ló ń mú ọkọ̀ afẹ́ dúró. Aago ló ń mú un dúró. Ká ní ọkọ̀ gúnlẹ̀ láago méje. Ìmígíréṣọ̀n àti kọ́sítọ́ọ̀mù á wo ìwé, aago mẹ́jọ á ti kọjá kí ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ fẹ́ ṣí láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kí gbogbo èrò ti wọlé kí aago márùn-ún tó lù. Ohun tó kù ò tó wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹ yọ oúnjẹ ọ̀sán kúrò. Ẹ yọ wákàtí kan tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ nítorí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, torí ẹni tó bá fúnra rẹ̀ háyà takisí tó sì pẹ́, ọkọ̀ ò ní dúró dè é. Bọ́ọ̀sì ní láti lọ, ó ní láti bọ̀. Nítorí náà, ohun tó bá ju ìrìn wákàtí méjì lọ sí ẹnu èbúté, ì báà jẹ́ òkè tó dára jù lágbàáyé, kò sí nínú ìwé wọn.

Ẹ fi èyí wo Ìdànrè. Ibẹ̀ ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń dárúkọ: ìlú àtijọ́ lórí òkè, ààfin, ilé ẹjọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ayé òyìnbó, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, orúkọ tó ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí UNESCO ń retí láti 2007. Láti Àkúrẹ́, kò jìnnà. Láti Igbókòdá, olú ìlú Ìlàjẹ, ńkọ́? Ẹ gba Òkìtìpupa, ẹ já sí Ọ̀rẹ̀, ẹ gba Oǹdó, ẹ wá máa forí lé Ìdànrè. Bí ọ̀nà bá dára, tí ẹnikẹ́ni ò dá yín dúró, wákàtí mẹ́ta á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú títì. Ẹni tó bá wá gun òkè, tó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Láti Èkó, kò tiẹ̀ ṣe é rò. Ìdànrè dára fún ẹni tó máa sùn ní Àkúrẹ́, ọkọ̀ afẹ́ ò sì fẹ́ kí èrò rẹ̀ sùn níbòmíràn.

Aago kejì ni ti òru. Ọkọ̀ tó ń sáré nọ́ọ̀tì 18 fún wákàtí 12 á ti rin nǹkan bíi kìlómítà 400. Ibi tí èbúté bá ti tẹ̀ léra láàárín ìwọ̀n yẹn ni inú aláṣẹ ọkọ̀ ń dùn sí, torí pé òru kan, ìlú kan. Ẹ wá wo etíkun tiwa: Takoradi, Tema, Lomé, Cotonou, Èkó. Kò sí èyí tó jìnnà sí èkejì ju òru kan lọ. Láti Èkó dé iwájú Ayétòrò tó wà létí òkun Ìlàjẹ náà, bíi kìlómítà 150 ni. Tó bá jẹ́ ti jíjìn ni, a kò jìnnà.

Àwọn tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn ẹ̀wọ̀n èbúté yìí ti ń rí àlejò díẹ̀díẹ̀. Takoradi ní ilé ẹrú Elmina tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482 àti ti Cape Coast, bọ́ọ̀sì lè lọ kó bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n jù. Lomé ní ọjà àwọn oníṣègùn ní Akodessawa. Cotonou ní Ouidah, níbi tí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ kọjú sí òkun, ó sì ní Ganvié.

Ganvié yìí ni kẹ́ ẹ jókòó tì díẹ̀. Abúlé orí omi ni, lórí adágún Nokoué. Ilé wọn dúró lórí òpó igi, inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọjà wọn wà, obìnrin tó ń ta tòmátì ló ń fi àjẹ̀ wa ara rẹ̀ kiri. Ará Ìlàjẹ tó bá débẹ̀ á bi yín pé kí ni tuntun. Ilé orí òpó, a ní. Afárá pákó láti ojúlé dé ojúlé, tí ọmọ kékeré ń sáré lórí ẹ̀ tí ọkàn àlejò ń já, a ní. Ẹja yíyan, ẹní híhun, púpùrù gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù tí ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé, gbogbo rẹ̀ la ní. Síbẹ̀ àlejò ń sanwó wo Ganvié, kò sẹ́ni tó ń sanwó wo Ùgbònlá. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Omi Ganvié jẹ́ adágún tó dákẹ́, jẹ́tì rẹ̀ wà ní Abomey-Calavi tí títì dáadáa dé, wọ́n ń ja tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mọ ọlọ́kọ̀ tó máa gbé ẹ, ẹnu èbúté Cotonou kò sì jìnnà síbẹ̀. Tiwa kọjú sí òkun gbalasa.

Òkun ọ̀hún ni mo ń bọ̀ wá bá. Tí a bá lọ sí Badagry tàbí Lẹ́kì, iyanrìn la máa bá létí òkun. Araròmí tiwa náà ní iyanrìn, àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ sì máa ń lọ ṣe pọdún-pọdún níbẹ̀. Àmọ́ bí èèyàn bá ti ń lọ sápá ìlà-oòrùn títí dé ẹnu odò Benin, ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀ múlọ́múlọ́ ni, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tiẹ̀ fi orúkọ Màhín pè é nínú ìwé wọn, torí etíkun ẹlẹ́rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ á rì dé orúnkún, bàtà rẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ìrìn ibẹ̀ fi jẹ́ orí pákó. Ẹrẹ̀ yìí tẹ́ lọ sínú òkun jìnnà kí omi tó jìn, bẹ́ẹ̀ ìdí ọkọ̀ afẹ́ ńlá máa ń rì sínú omi tó mítà 8 tàbí 9. Kó tó lè sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ojú omi, wọ́n á sì máa gbẹ́ ẹ lọ ni, torí ẹrẹ̀ á máa ṣàn padà. Ẹni tó bá ní òun á gbẹ́ ẹ nítorí ẹrù àti epo, ó lè rówó rẹ̀ gbà padà. Nítorí ọkọ̀ afẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ́dún? Kò lè pé e láéláé.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣèlérí irú Icon of the Seas fún yín ní Ìlàjẹ, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mu omi.

Ọ̀nà mìíràn wà, ó kàn kéré ni. Àwọn ọkọ̀ afẹ́ kan wà tí kì í kó ju èrò ọgọ́rùn-ún sí igba lọ. Àwọn àgbàlagbà tó lówó tó sì fẹ́ràn ẹyẹ, ìtàn àti ibi tí ẹlòmíràn ò tíì dé ló ń wọ̀ ọ́. Wọn kì í wá èbúté rárá. Wọ́n á ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lójú omi, wọ́n á sọ àwọn ọkọ̀ rọ́bà kéékèèké kalẹ̀, èèyàn bíi mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di etídò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní erékùṣù Bijagós ti Guinea-Bissau, níbi tí erinmi ti ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, tí UNESCO sì fi sínú ìwé ogún ayé ní 2025. São Tomé náà, ojú omi ni ọkọ̀ ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò lọ wo oko kòkó àtijọ́, ará Oǹdó á sì rẹ́rìn-ín tó bá gbọ́ pé àlejò ń sanwó láti wo bí wọ́n ṣe ń sá kòkó. Erékùṣù Bunce lódò Freetown, tí wọ́n ti ń kó ẹrú, irú ọkọ̀ kékeré yẹn ló lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ní èèmọ̀ tirẹ̀. Ní St Helena, ìgbà mìíràn wà tí ọkọ̀ á rìn fún ọjọ́ púpọ̀, tí ìgbì ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á kàn wo erékùṣù láti orí ọkọ̀, tí wọ́n á sì máa lọ. Ìgbì etíkun tiwa kì í ṣeré lóṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. A dúpẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ ń kọjá yàtọ̀ sí ìgbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ajalèlókun ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, òun nìkan tó láti fi ti ilẹ̀kùn. Ní 2020, IMB, àjọ tó ń ka ìkọlù ajalèlókun lágbàáyé, ka ìkọlù 81 ní Gulf of Guinea, nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n sì jí gbé lágbàáyé lọ́dún yẹn, 130 jẹ́ ti agbègbè tiwa yìí. Nàìjíríà ti ṣòfin lòdì sí ìwà náà ní 2019, ó sì ṣí iṣẹ́ Deep Blue ní oṣù kẹfà 2021, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ológun. Ìkọlù já wálẹ̀ sí 34 ní 2021, ó sì di 18 ní 2024. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe ìbánigbófò fún ọkọ̀ tó kó àgbàlagbà olówó kì í tètè gbàgbé, odò tó wà lẹ́yìn Ìlàjẹ sì ni ọ̀nà lọ sí Delta. Ti físà kò nira tó ti àtijọ́, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù karùn-ún 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lo wákàtí mẹ́jọ péré nílùú á bi ara rẹ̀ pé ṣé ó tó kí òun sanwó físà nítorí rẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò le, ẹni tó bá ti yà ní Ghana ti ní in lápò.

Ní Nàìjíríà, èmi gbà pé Èkó ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Èbúté Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023, jìn tó mítà 16.5, kò sí ọkọ̀ afẹ́ tí kò lè gbà. Badagry ní ọjà ẹrú Vlekete, ilé Mobee, àti ilé alájà àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 1845. Tí ọkọ̀ bá ń fi Cotonou sílẹ̀ tó sì ti mọ́ ọn lára láti yà sí Èkó, ìgbà náà ni ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré lè bi ara rẹ̀ pé kí ló wà ní iwájú díẹ̀ sí i. Ọ̀nà omi inú ilẹ̀ tiẹ̀ wà, láti ọ̀sà Èkó gba Ẹ̀pẹ́ títí dé Igbókòdá, tí kò kan ìgbì òkun rárá. Àwọn ìyá wa tó ń kó ẹja àti edé ti ń ná an látọjọ́ pípẹ́. Tí wọ́n bá ń kó ewé tó ń bo ojú omi kúrò, tí jẹ́tì dáadáa bá wà, tí jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó bá tó gbogbo èrò, àlejò tó sùn ní Lẹ́kì lè ti ibẹ̀ wá jẹ púpùrù ní Igbókòdá láì dúró de ọkọ̀ afẹ́ kankan. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni owó kékeré tó máa yá wà.

Owó náà la ò tíì sọ. Kí ọkọ̀ afẹ́ dúró kì í ṣe pé owó dúró. Falmouth ní Jàmáíkà kọ́ èbúté ńlá pẹ̀lú iléeṣẹ́ Royal Caribbean, ó ṣí i ní 2011, kò sì pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé inú ọgbà èbúté ni èrò ti ń ra ohun gbogbo, pé díẹ̀ ló ń jáde sígboro. Ẹni tó bá fẹ́ kí obìnrin tó ń hun ẹní ní Màhín rí nǹkan mú, ṣáájú ni yóò ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ta ni ó ni ọkọ̀ kékeré, ta ni ó ń se oúnjẹ, iye tí ìlú ń gbà lórí orí kọ̀ọ̀kan. Ti èéfín ọkọ̀ àti ìdọ̀tí inú òkun, ìyẹn náà gba àdéhùn tirẹ̀.

Ní tòótọ́, tí n bá jẹ́ aṣojú iléeṣẹ́ ọkọ̀ kékeré, Ayétòrò ni mo fẹ́ mú èrò lọ. Ìtàn wo ló tún dùn jù ú lọ? Àwọn onígbàgbọ́ tó tẹ ìlú sórí ẹrẹ̀ ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi tiwọn fúnra wọn, tí ọba wọn ń jẹ́ Ogeloyinbo. Ẹni tó ti rin gbogbo ayé á gbé àga láti gbọ́ ọ. Àmọ́ òkun ń jẹ ìlú náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, ẹrẹ̀ ni, iyanrìn tó lè padà wá dípò ohun tí ìgbì gbé lọ kò sì tó nǹkan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ti wọmi, ibi iṣẹ́ ti wọmi, itẹ́ òkú náà kò yọ. NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ odi omi jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti 2004, omi ṣì ń wọlé.

Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ máa ń ta ìrìnàjò wọn ní bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì ṣáájú. Ẹni tí wọ́n rán wá wo ibi tuntun kì í pẹ́: á béèrè ibi tí ìdákọ̀ró á ti mú, ọsíbítù tó sún mọ́ jù, ẹni tó máa gbàlejò, àti ibi tí ọkọ̀ rọ́bà á gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n lè yà á sínú máàpù. Ní Ayétòrò lónìí, ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kò sí ẹni tó lè dáhùn, torí ibi tó bá nawọ́ sí lè ti di omi kí ìwé ìrìnàjò náà tó jáde.